Òdòdó Tí Kò Gbọdọ̀ Tanná: Ìrìnàjò sí Oko Kápà ní Pantelleria

Ẹni tó bá fẹ́ mọ kápà, ọ̀dọ̀ iyọ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ. Ní Trapani, ìlú etíkun kan ní ìwọ̀-oòrùn Sicily, bí èèyàn bá gba ọ̀nà gúúsù jáde nílùú, adágún omi òkun ni yóò máa rí, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi òkúta pààlà sí láàárín. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ló ń fa omi wọn gbẹ títí yóò fi ku iyọ̀ nìkan. Omi àwọn kan pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àwọn mìíràn ti funfun báláú. Àwọn ọlọ tí atẹ́gùn ń yí ṣì dúró létí omi. Àwọn ni wọ́n fi ń fa omi láti inú adágún kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n sì fi ń lọ iyọ̀, nígbà tí iná mànàmáná kò tíì dé. Iyọ̀ tí wọ́n ti kó jọ wà ní òkìtì òkìtì, wọ́n to àwo amọ̀ ìbolé lé e lórí kí òjò má baà yọ́ ọ.

Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bi mí pé ibo ni mo forí lé. Mo ní Pantelleria ni, pé kápà ni mo fẹ́ lọ wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí òkìtì iyọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìdajì rẹ̀ rèé," ló wí.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń gbé ní London ló ti pàdé kápà láìbéèrè orúkọ rẹ̀. Òun ni hóró kékeré aláwọ̀ ewé ṣíṣókùnkùn tí wọ́n máa ń fọ́n sórí ẹja sálímọ́ọ̀nù níbi àsè, tàbí tó máa ń wà nínú ìgò fínígà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí àtẹ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará ilé mi a máa ṣà á sí ẹ̀gbẹ́ àwo. N kò bá wọn wí: èyí tó wà nínú fínígà, adùn fínígà ló máa ń bo ti kápà mọ́lẹ̀. Kápà fúnra rẹ̀ kì í ṣe èso, kì í sì í ṣe irú ẹ̀wà kan. Ìrúdí òdòdó ni, òdòdó igi kúkúrú kan tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Capparis spinosa. Wọ́n á já a kó tó tanná, wọ́n á sì fi iyọ̀ sọ ọ́ di nǹkan jíjẹ. Oríṣiríṣi ibi ló ti ń hù yí Òkun Mẹditaréníà ká, ó ń hù nínú pàlàpálá ògiri àtijọ́ ní Róòmù àti ní Jerúsálẹ́mù, ṣùgbọ́n bí àwọn ará Ítálì bá fẹ́ dárúkọ ibi tí èyí tó dára ti ń wá, Pantelleria ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá. Àwọn ará Salina, erékùṣù mìíràn lápá àríwá Sicily, kò ní gbà. Ẹjọ́ tiwọn nìyẹn.

Òru ni ọkọ̀ òkun gbéra ní Trapani. Ọkọ̀ akẹ́rù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ará erékùṣù tó wá ra fíríìjì, táyà, àti oúnjẹ adìẹ. Gbogbo wọn ló mọ àga tí èèyàn lè nà sí, kí n sì tó mọ̀, kò ku ẹyọ kan. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ẹ́ mọ́, òkúta dúdú kan yọ lókè omi níwájú wa, ìkùukùu wà lórí rẹ̀. Bí a ṣe ń sún mọ́ ọn, kò sí etíkun oníyanrìn kan tí mo rí. Òkè oníná ló bí erékùṣù yìí láti ìsàlẹ̀ òkun. Ìgbà ìkẹyìn tí iná náà jáde ni ọdún 1891, inú omi ló sì ti tú, ní ẹ̀bá erékùṣù náà. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 83 lọ, òkè rẹ̀ tó ga jù, Montagna Grande, sì ga ní mítà 836. Lábẹ́ àṣẹ Ítálì ló wà, síbẹ̀ ó sún mọ́ Áfíríkà ju Sicily lọ: nǹkan bíi kìlómítà 70 ló wà láàárín rẹ̀ àti Tùnísíà, ti Sicily sì lé ní 100. Àwọn Lárúbáwá ṣàkóso ibẹ̀ láyé àtijọ́, orúkọ tí wọ́n sọ àwọn abúlé ṣì wà lórí pátákó ojú ọ̀nà títí dòní: Khamma, Gadir, Bukkuram, Rekhale.

Ìlú tó wà ní èbúté kò lẹ́wà, kò sì yẹ kí n purọ́ nípa rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1943, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà rọ òjò bọ́ǹbù lé e lórí kí àwọn tó ń ṣọ́ ọ tó juwọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 11. Kọnkéré ni wọ́n sáré fi tún un kọ́ lẹ́yìn ogun. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti gun òkè díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ohun tí ojú ń rí á yí padà. Ilẹ̀ di ìpele ìpele, ògiri òkúta dúdú tí kò ní símẹ́ǹtì sì wà ní etí ìpele kọ̀ọ̀kan. Láàárín wọn ni àwọn ilé tí wọ́n ń pè ní dammuso wà. Òkúta náà ni wọ́n fi kọ́ ọ, ògiri rẹ̀ nípọn gan-an, òrùlé rẹ̀ funfun, ó sì rí rogodo lókè. Kì í ṣe fún ẹwà ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Erékùṣù náà kò ní odò. Òjò tó bá rọ̀ sórí òrùlé ni wọ́n ń darí lọ sínú kànga abẹ́ ilé, kò sì sí ẹ̀kán kan tí wọ́n fẹ́ kó ṣòfò.

Ẹ̀fúùfù ni ọ̀gá níbẹ̀. Ó fẹ́ ní gbogbo ọjọ́ tí mo lò, wọ́n sì ní ó rọra ṣe ni torí àlejò. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dá igi ólífì dùbúlẹ̀ kó lè máa rá pálá lórí ilẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbin àjàrà sínú kòtò, kí ẹ̀ka rẹ̀ má baà ga ju ilẹ̀ lọ púpọ̀; UNESCO ti fi ọ̀nà ìgbàgbìn yìí sínú àkójọ àjogúnbá rẹ̀ láti ọdún 2014. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ògiri òkúta roboto kan tó ga ju èèyàn lọ, tí mo rò pé ibojì ni tàbí ilé ìṣọ́. Mo yọjú wo inú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kékeré, mo rí igi ọsàn kan ṣoṣo. Wọ́n mọ odindi ògiri yí igi kan ká kí ẹ̀fúùfù má baà pa á, kí ìrì tó bá ń sẹ̀ sára òkúta sì lè máa fún un lómi.

Kápà kò béèrè irú ìkẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo ti kọ́kọ́ rí i, ó so rọ̀ láti inú ihò tí erùpẹ̀ kò lè kún ìkúnwọ́ méjì. Ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ yíká, ewé rẹ̀ nípọn, ó rí roboto, ó ń dán. Gbòǹgbò rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́: ó ń wá omi lọ jìnnà nínú òkúta, nítorí náà nígbà tí gbogbo koríko ti gbẹ pátápátá nínú oṣù keje, òun á ṣì máa rú. Wọn kì í bomi rin ín. Ẹ̀gún wà nínú orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un lédè Látìn, àmọ́ irú tí wọ́n ń gbìn ní Pantelleria kò ní ẹ̀gún. Ó dà bíi pé àwọn baba ńlá àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ṣà á títí tí ẹlẹ́gùn-ún fi tán nínú oko.

Màmá àgbà kan tó ní oko lẹ́bàá abúlé Scauri ló gbà kí n bá àwọn lọ já kápà. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, tó ń kàwé ní Palermo, ló ń bá wa túmọ̀. Kí oòrùn tó yọ la ti dé oko. Màmá so àpò aṣọ mọ́dìí níwájú, wọ́n tẹ̀ba láti ìbàdí, wọn kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ nàró mọ́ títí oòrùn fi gun òkè. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń já a, èékánná àtàǹpàkò á gé e ní ọrùn, ó di inú àpò. Lórí ẹ̀ka kan náà, èyí tó wà lọ́dọ̀ ṣóńṣó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ díẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti tóbi. Títóbi yẹn ni wàhálà. Bí ó bá ti ń wú, ó ti ń múra àtitanná nìyẹn, tó bá sì tanná, kò sí kápà níbẹ̀ mọ́. Láti ìparí oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹjọ, orí igi kan náà ni wọ́n ń padà sí ní bíi ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá síra, nítorí ẹ̀ka ń gùn sí i, ìrúdí tuntun sì ń yọ. Ẹ̀rọ kan kò tíì sí tó lè ṣe é.

Mo béèrè lọ́wọ́ màmá bóyá wọn kì í lo àwọn ọmọdé. Ọmọ-ọmọ wọn kò túmọ̀ ìyẹn, ó dá mi lóhùn fúnra rẹ̀ pé, "Èmi ni ọmọdé yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ yunifásítì."

Àwọn òdòdó kan ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ìgbà ìkórè tó ṣáájú, a sì bá wọn níbẹ̀. Ewé òdòdó funfun mẹ́rin, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ elése àlùkò tó gùn yọ láàárín wọn. Ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé kan ní Yúróòpù fi ń gbìn ín kìkì torí rẹ̀. Ọjọ́ kan péré ló ń gbé kó tó rọ. Mo ní ó mà dára o. Màmá wò ó, wọ́n pòṣé. Lójú wọn owó tó sọnù ni. Àmọ́ wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi díẹ̀ sílẹ̀, nítorí lẹ́yìn òdòdó ni èso gígùn kan tó ní ọ̀pá ń jáde, tí wọ́n ń pè ní cucuncio. Òun náà ni wọ́n ń fi iyọ̀ sí tàbí fínígà. Hóró kún inú rẹ̀, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu, ó sì dára láti fi panu pẹ̀lú ọtí ju láti fi se oúnjẹ lọ.

Mo fi ìrúdí tútù kan sẹ́nu níbẹ̀. Ó korò, lẹ́yìn ìkorò ó ta mí nímú bíi mọ́sítáàdì. Kò yani lẹ́nu, nítorí irú èròjà tó ń mú mọ́sítáàdì àti kábéèjì ta wà nínú kápà pẹ̀lú. Bí èèyàn bá fọ́ ọ tàbí bó bá fara gbọgbẹ́ ni èròjà náà ń yí padà di ohun tó ń tani. Ẹ̀fọ́ ẹkùyá tí àwọn ìyá wa ń sè, ìbátan kápà ni. Ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko kó wọn sí fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó wá ya ẹkùyá sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ti jẹ ẹkùyá tí wọn kò bọ̀ dáadáa rí kò nílò kí n tún ṣàlàyé irú ìkorò tí mò ń wí.

Ilé iyọ̀ wà lẹ́yìn dammuso náà. Ibẹ̀ tutù, ó sì ń rùn: òórùn òdòdó, òórùn ewé tó ti kan díẹ̀, pẹ̀lú òórùn òkun. Kápà tí a já láàárọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ sórí aṣọ kí ìrì ara rẹ̀ gbẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n dà á sínú àgbá pẹ̀lú iyọ̀ òkun tó rí hóró hóró, bíi kílò iyọ̀ mẹ́rin sí kílò kápà mẹ́wàá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rò ó pọ̀. Iyọ̀ ń fa omi jáde lára rẹ̀, ìkorò ń bá omi yẹn lọ, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ nǹkan di kíkan sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn bíi ọjọ́ mẹ́wàá wọ́n á da omi náà nù, wọ́n á tún fi iyọ̀ mìíràn sí i, èyí tí kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, wọ́n á tún dúró. Nígbà tó bá fi máa jáde, ara rẹ̀ ti sún kì, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú, ìkorò yẹn sì ti di ohun mìíràn pátápátá. Mo tọ́ ọ wò láti inú àgbá tí wọ́n ti ṣe tipẹ́. Lẹ́yìn iyọ̀, òórùn òdòdó ló kọ́kọ́ dé, tó tẹ̀ lé e ni ohun kan tó jọ ewé tútù, kó tó wá ta díẹ̀. Irú ló wá sí mi lọ́kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò jọ ọ́ lẹ́nu rárá o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: ohun tí kò ṣeé jẹ lásán, tí èèyàn fi sùúrù sọ di ohun tí ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ ń gbé odindi ìkòkò dìde. Bí kò sì ṣe sí ẹni tó ń bu irú jẹ bí ẹ̀wà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bu kápà jẹ pẹ̀lú ṣíbí, kó wá ní kò dùn.

Asẹ́ ni wọ́n fi ń yà á nípa ìwọ̀n. Àwọn Faransé ló fún ìwọ̀n wọ̀nyí lórúkọ tí ọjà ayé ń lò. Èyí tó kéré jù, tí kò ju mìlímítà méje lọ, ni wọ́n ń pè ní nonpareille, òun ló sì máa ń wọ́n jù. Mo rò pé ojú ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Kékeré dára fún orí ẹyin tàbí ẹja tí èèyàn fẹ́ kó hàn, ṣùgbọ́n nínú ọbẹ̀, èyí tó tóbi díẹ̀ ní adùn jù ú lọ, mo sì gbọ́ ohun kan náà lẹ́nu màmá, tí wọ́n ń tọ́jú àwọn alábọ́ọ́dé sílé tí wọ́n sì ń ta kékeré fún àlejò.

Láti ọdún 1996 ni òfin Yúróòpù ti dáàbò bo orúkọ kápà Pantelleria: ohun tí kò bá wá láti erékùṣù náà kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ yẹn. Orúkọ wà láàbò, àwọn tó ń já a ni kò pọ̀ mọ́. Kápà láti Mòrókò àti Tọ́kì pọ̀ lọ́jà lówó pọ́ọ́kú, àwọn ọ̀dọ́ erékùṣù sì ti rí i pé gbígba àlejò sínú dammuso ń mówó wọlé ju títẹ̀ba nínú oko lọ. Ọ̀pọ̀ ìpele tí a gbà kọjá ni koríko ti bò, tí ògiri wọn ti wó lápá kan. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí ìgò kan tí owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ìgò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, owó ẹ̀yìn àwọn àgbà ni ẹ̀ ń san.

Nídìí oúnjẹ ọ̀sán ni mo ti wá mọ ohun tí mo torí rẹ̀ lọ. Màmá se pòtétò pẹ̀lú èèpo rẹ̀, wọ́n bó o, wọ́n gé e nígbà tó ṣì ń gbóná. Wọ́n gé tòmátì kéékèèké sí i, pẹ̀lú àlùbọ́sà pupa tí wọ́n ti rẹ sínú omi kó má baà ta jù, àti ólífì dúdú. Wọ́n fi ìka méjì rún ewé origano gbígbẹ sórí rẹ̀. Òróró ólífì pọ̀ níbẹ̀, fínígà kò ju ẹ̀kán mélòó kan lọ. Kápà ìkúnwọ́ kan ló kẹ́yìn. Insalata pantesca ni wọ́n ń pè é, nígbà mìíràn wọ́n máa ń fi ẹja gbígbẹ tàbí ẹyin sísè kún un. Mo nawọ́ sí agolo iyọ̀ tó wà lórí tábìlì, màmá gbé e kúrò níbẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo tí wọ́n ní nìyẹn, mo sì gbà pé gbogbo ẹ̀kọ́ kápà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: kápà ni iyọ̀ oúnjẹ náà. Èèyàn kì í se oúnjẹ tán, kó fi iyọ̀ sí i tó, kó wá dá kápà lé e. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ pé kápà ti ba ọbẹ̀ òun jẹ́. Iyọ̀ ni kéèyàn yọ kúrò kí ó tó fi kápà rọ́pò rẹ̀, kó pọ̀ mọ́ oúnjẹ fún ìgbà díẹ̀, kó tọ́ ọ wò, kó tó wá mọ̀ bóyá ó tún kù.

Bí wọ́n ṣe ń yọ iyọ̀ lára rẹ̀ rọrùn. Wọ́n kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n, wọ́n fi omi ṣàn án, wọ́n wá rẹ ẹ́ sínú omi tútù bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n pààrọ̀ omi náà, wọ́n tún fi í sílẹ̀ díẹ̀. Wọ́n á jẹ ẹyọ kan. Bó bá ṣì ń jó ahọ́n, omi mìíràn. Kò yẹ kó sùn sínú omi, torí òórùn òdòdó tí a torí rẹ̀ náwó á bá omi lọ pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á fún un díẹ̀ láàárín àtẹ́lẹwọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ní alẹ́, ẹja ni, pẹ̀lú kúskúsù. Tùnísíà kò jìnnà. Ọbẹ̀ tútù kan tí wọ́n ń pè ní ammogghiu wà pẹ̀lú rẹ̀. Inú odó ni wọ́n ti gún un: tòmátì, ààyù, òróró, àti ewé basil tí ó jẹ́ ìbátan efinrin wa. Nílé yìí wọ́n ń fi álímọ́ńdì àti kápà sí i. Aládùúgbò wọn tó bá wa jẹun ní kápà kò sí nínú rẹ̀ láé. Àríyànjiyàn yẹn gùn ju oúnjẹ lọ, ọmọ-ọmọ wọn sì dẹ́kun àtimáa túmọ̀.

Mo gba Palermo padà. Ní ọjà Ballarò, kápà oníyọ̀ wà lórí àtẹ ní òkìtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríṣiríṣi ólífì, wọ́n sì ń fi ife wọ̀n ọ́n. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ ní àdúgbò yẹn, n ò sì tíì dúró pẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta ata rodo kí n tó gbọ́ Yorùbá.

"Ẹ kú ọjà, mà," ni mo wí fún ìyá tó ń tà á.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ọmọ ibo ni ẹ́?"

Mo sọ fún wọn. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wá ní tiwọn, wọ́n sì ti pẹ́ ní Palermo gan-an. Nígbà tí wọ́n rí kápà tí mo gbé lọ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"O ò ní fi sí ẹ̀gúsí, àbí?"

"Rárá, mà."

"Àwọn kan ti dán an wò o. Ọbẹ̀ ẹja ni tiẹ̀. Tòmátì, àlùbọ́sà, òróró, kí ata má pọ̀. Tí ẹja bá ti jinná ni kó o tó dà á sí i. Má fi magí sí i o, ẹ̀jẹ̀ rẹ á ru."

Ọ̀rọ̀ wọn ni mo mú wá sílé ìdáná mi, mo sì ti rí i pé òótọ́ ni. Epo pupa máa ń gbé kápà mì, ata púpọ̀ náà sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí èèyàn má fi owó ṣòfò. Ibi tó mọ̀ ọ́n ṣe ni ibi tí ọ̀rá tàbí nǹkan tó tẹ́ lẹ́nu bá wà: ẹyin, ẹja, pòtétò, ẹran àgùntàn. Àwọn ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní oúnjẹ àtijọ́ kan, ẹran àgùntàn bíbọ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ kápà, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wọn kò mọ̀ mọ́. Omi ẹran náà ni wọ́n ń fi po ọbẹ̀, pẹ̀lú bọ́tà àti ìyẹ̀fun díẹ̀, wọ́n á wá da kápà sí i níparí. Mo fi ẹran àgbò Iléyá ṣe é. Ọ̀rá àgbò tó máa ń sú èèyàn ní ọjọ́ kejì ọdún kò sú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, àbúrò mi ọkùnrin tó máa ń ṣa kápà sí ẹ̀gbẹ́ àwo sì bu ọbẹ̀ kún un láìbéèrè ohun tó wà níbẹ̀. N kò sọ fún un.

Iṣu sísè gba ipò pòtétò nínú insalata pantesca dáadáa, bí iṣu náà kò bá ti fọ́. Pasta tí àwọn ará Naples ń pè ní puttanesca kò le: ààyù àti ẹja kéékèèké oníyọ̀ nínú òróró, tòmátì, ólífì, kápà. Iyọ̀ ti wà lára mẹ́ta nínú wọn, nítorí náà omi pasta fúnra rẹ̀ kò fẹ́ iyọ̀ púpọ̀. Fún ẹja díndín, ẹ fi aṣọ nu omi ara kápà dáadáa kí ẹ tó jù ú sínú òróró gbígbóná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ta sí yín lójú. Láàárín ìṣẹ́jú kan àwọn ewé rẹ̀ á ṣí, á gan, á sì máa ró lẹ́nu. Ọmọdé tí kò jẹ kápà rí máa ń jẹ ìyẹn.

Nípa rírà: inú iyọ̀ ni kí ẹ máa rà á bí ẹ bá rí i. Ẹ wo ìgò náà lójú ìmọ́lẹ̀. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá ti di omi tó ṣú, ó ti pẹ́ tàbí ó ti rí oòrùn. Èyí tó dára á jókòó sínú iyọ̀ gbígbẹ, ní ibi tó tutù, fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìṣe ohunkóhun. Bó bá jẹ́ ti fínígà nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ṣàn án, kí ẹ sì dín fínígà tàbí lẹ́mọ́ọ̀nù inú oúnjẹ yín kù. Àmì funfun tó máa ń wà lára rẹ̀ nígbà mìíràn kì í ṣe èébu. Èròjà kan tó ń jẹ́ rutin, tó wà nínú kápà fúnra rẹ̀, ló ń dì bẹ́ẹ̀. Ẹ má tìtorí rẹ̀ dà á nù.

Ẹ má sì da iyọ̀ tó kù nísàlẹ̀ ìgò nù. Ó ti gba adùn kápà. Èmi máa ń fi pa ẹja lára kí n tó yan án, ó sì tún dára lórí ẹyin sísè.